Ìsọ̀ kan, orúkọ méjì: àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ aláta kan ní Ìbàdàn

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí agogo mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn aláta ọjà wa kan ilẹ̀kùn mi. Ó fi ìborùn tẹ ojú rẹ̀ òsì, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin ìborùn náà débi pé n kò lè sọ àwọ̀ tí ó ní tẹ́lẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé báàgì ilé-ìwé kọ́ èjìká, ó sì di àbúrò rẹ̀ obìnrin mú lọ́wọ́. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá Akọ̀wé, ẹ má bínú pé mo kó wàhálà wá bá yín lóru. Ó ti tì wá mọ́ta.”

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà ní ọjà kan lápá àríwá Ìbàdàn. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó yàn mí sípò yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé ọ̀rọ̀ tó bá ní ìwé nínú wá sọ́dọ̀ mi. N kò ní dárúkọ ọjà náà, nítorí pé bí mo bá dárúkọ rẹ̀, kò sí aláta ibẹ̀ tí kò ní mọ ẹni tí mo ń bá wí. Ìyá Aláta ni n óò máa pè é. Mo ti ka gbogbo ohun tí mo kọ síbí fún un, àwọn ibi tí ó ní kí n yọ kúrò ni mo sì yọ.

Ẹni tó bá gbé Ìbàdàn ní àsìkò náà kò lè gbàgbé rẹ̀. Báńkì àpapọ̀ ti pààrọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà. Wọ́n ti fi gbèdéke sí títẹ́wọ́gba owó àtijọ́, wọ́n sì ti sún un síwájú di ọjọ́ 10 oṣù kejì. Owó tuntun kò sí ní báńkì, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń kọ ti àtijọ́, epo mọ́tò sì wọ́n bí ojú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní ọjọ́ Wẹsidé, ọjọ́ 8, pé kí wọ́n dá gbèdéke náà dúró ná, ṣùgbọ́n ládùúgbò wa, ohùn àwọn ènìyàn kò ṣọ̀kan lórí ẹni tí ó yẹ kí a gbọ́ tirẹ̀. Ìyá Aláta ní ₦185,000 nínú agolo mílíìkì ńlá kan lábẹ́ ibùsùn, owó àtijọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ ti àwọn tí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ata fún un láwìn ní ọjà Ṣáṣá. Ọkọ rẹ̀ ń wa takisí Micra; ó ti lo ọjọ́ méjì lórí ìlà ilé epo láìrí epo rà. Ó ní kí ó kó owó náà wá, pé òun mọ ẹnì kan tó ní POS tí yóò bá wọn fi owó tuntun pààrọ̀ rẹ̀, pé bí ilẹ̀ bá fi mọ́ lọ́la, bébà lásán ni. Obìnrin náà ní owó olówó ni, kò lè kúrò níbẹ̀. Àgádágodo ilẹ̀kùn ni ọkùnrin náà fi gbá a létí ìpéǹpéjú. Lẹ́yìn náà ó gbé agolo náà, ó ti ìyá àtọmọ jáde, ó sì fi àgádágodo kan náà ti ilẹ̀kùn.

Ọdún kẹrìnlá nìyẹn tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò nà án, àmọ́ òun ni ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí ìyàwó mi bi í léèrè pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni látọjọ́ yìí, ó dáhùn ohun tí gbogbo wa ti gbọ́ rí: torí ọmọ ni.

Ọ̀rọ̀ tí èmi kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kí ó ṣe sùúrù, kí ilẹ̀ mọ́ ná. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé n óò sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọlọ́pàá láìpẹ́, n kò sì fẹ́ kí ẹni tó ń kà á rò pé ọwọ́ mi mọ́ ju tiwọn lọ. Ìyàwó mi ló já ọ̀rọ̀ náà gbà lẹ́nu mi. Ó ní ojú ló ń ṣẹ̀jẹ̀ yẹn, ilẹ̀ wo ló fẹ́ mọ́ sí i?

A lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan tí kò jìnnà. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wo ojú náà, ó ní ọ̀rọ̀ ìjà ni, kí a kọ́kọ́ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá. A dé àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá tó jókòó sídìí tábìlì ní kí a kọ́kọ́ lọ gba ìwé dókítà wá, kí àwọn lè mọ ohun tí àwọn máa kọ sílẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ilé ìwòsàn ló rán wa wá. Ó mí kanlẹ̀, ó sì yí sí obìnrin náà. “Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kí a tì í mọ́lé lóòótọ́? Ta ló máa san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ yìí? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún ṣọ̀rẹ́ o.” Nígbà tí ó rí i pé a kò dìde, ó ní ọkọ̀ wọn kò ní epo, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n lọ mú ọkọ rẹ̀ lóru ni yóò wá nǹkan sí i. Kò sí owó lọ́wọ́ wa. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí àkáùńtì. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ mi ń yí kiri lójú kan títí ó fi kú. Ká ní ẹ̀rọ náà gbà ni, owó náà ì bá ti lọ. N kò ní purọ́. Nígbẹ̀yìn, ọlọ́pàábìnrin ọ̀dọ́ kan tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan láti ìgbà tí a ti wọlé ya bébà kan nínú ìwé tirẹ̀, ó kọ ìlà mẹ́rin sí i, ó tẹ òǹtẹ̀ lé e, ó sì fún wa. Òun ni a fi padà sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán an lójú mẹ́rin ní agogo kan òru.

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ni mo tó rí òfin kà. Ní ọdún 2015 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó ka híhu ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní VAPP. Àbújá nìkan ni agbára rẹ̀ mọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti ṣe tirẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin àpapọ̀ náà ti wí, ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò ju ₦200,000 lọ, tàbí kí wọ́n fi méjèèjì jẹ ẹ́ níyà. Fífi ipá lé ènìyàn jáde nínú ilé rẹ̀ ní ìjìyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fífi owó dá ènìyàn lóró, kí ẹnì kan gba ohun tí ẹlòmíràn fi ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè di ẹni tí ń tọrọ lọ́wọ́ òun, ẹ̀ṣẹ̀ ni pẹ̀lú. N kò mọ èyí rí. Mo rò pé bí ọkọ bá kó owó ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ni, tí àwọn ẹbí yóò jókòó lé lórí.

Abala tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì ni èyí tó sọ iṣẹ́ ọlọ́pàá tó bá dé ibi ìwà ipá. Ó ní kí ó ran ẹni tí wọ́n ṣe níkà lọ́wọ́ láti fi ẹjọ́ sùn. Kí ó wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, tàbí sí ibòmíràn tí ààbò wà. Kí ó ṣàlàyé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un. Kí ó sì bá a dé ilé tí ó ti ń bọ̀ láti lọ kó ẹrù rẹ̀. Mo rántí ọkọ̀ tó dúró ní àgbàlá àgọ́ náà láìní epo. Ẹni tó kọ abala yẹn mọ ohun tí obìnrin ń fẹ́ ní agogo mọ́kànlá òru, àfi kí n rò pé kò sí ẹni tó bi í léèrè pé ta ni yóò máa ra epo.

Òru náà gan-an ni ó le jù. A ti rán ojú tán, agogo ti ń lọ sí méjì, a kò sì mọ ibi tí yóò sùn. Ilé mi yàrá méjì ni, ọkọ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Ilé àwọn òbí rẹ̀ wà ní Ìsẹ́yìn. Ìyálọ́jà ni a lọ jí. Ìyá náà kò bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wo ojú obìnrin náà lábẹ́ iná fóònù, ó gbé kọ́kọ́rọ́, ó sì kó wọn lọ sí yàrá tí ó ń kó ọjà sí lẹ́yìn ilé rẹ̀. Orí àpò ata gbígbẹ ni wọ́n tẹ́ ẹní sí. Àwọn ọmọ náà ń sín títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi sùn níbẹ̀.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọjà ni ó ni irú ojúṣe bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, pé Ìyálóde àti Ìyálọ́jà ni obìnrin ń sá tọ̀ kí ìjọba tó dé. Bóyá. Ṣùgbọ́n ata kì í ṣe ibùsùn, Ìyálọ́jà sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí ọkọ aláta kan wá máa pariwo lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ ni ọ̀rọ̀ wá kan èmi fúnra mi. Ìyá Aláta fi bándéèjì lójú wá sí ọjà ní agogo méje, nítorí pé tòmátì tí ó kù sílẹ̀ kò ní dúró de ìgbà tí egbò bá san. Ó bá àgádágodo tuntun lára ìsọ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti síwájú rẹ̀ dé. Nígbà tí mo débẹ̀, ọkùnrin náà kò bá mi jà, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè. Ó kí mi dáadáa, ó na rìsíìtì kan sí mi, ó ní, “Bàbá Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ kà á.”

Mo kà á. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, ọwọ́ mi ni mo sì fi kọ ọ́. Mo lọ ṣí ìwé ńlá tí a ń kọ orúkọ àwọn onísọ̀ sí, bóyá rìsíìtì náà ni mo ṣì kọ. Orúkọ kan náà ló wà níbẹ̀. Mo sì rántí ọjọ́ náà. Ní ọdún 2017, nígbà tí a tún àwọn ìsọ̀ ìlà yẹn kọ́, Ìyá Aláta ló gbé owó wá, ₦60,000, igba náírà àti ọgọ́rùn-ún ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì gbà wá ní ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kí a tó kà á tán. Mo ṣí ìwé, mo gbé bírò, mo bi í pé, “Kí lorúkọ ọkọ yín?” Ó dá mi lóhùn. Mo kọ ọ́. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi, kò sí òfin ẹgbẹ́ wa tó ní kí n bèèrè bẹ́ẹ̀. Àṣà ọwọ́ mi ni. Mo ka ìlà náà títí dé ìparí ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn: ìsọ̀ méjìlá, obìnrin ló jókòó sí gbogbo wọn, mẹ́sàn-án nínú wọn ló sì wà lórúkọ ọkọ, títí kan ti opó kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú kí a tó kọ́ ìsọ̀ náà rárá.

Tòmátì náà bàjẹ́ mọ́nú ìsọ̀. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, omi rẹ̀ ti ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, a lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní wẹ́fíà. Òṣìṣẹ́ tí a bá níbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin náà, ó gbọ́ lẹ́nu ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì kọ ìwé ìpè fún ọkọ. Nígbà tí mo bèèrè ibi tí wọ́n lè gbé, ó sọ fún wa pé ilé ààbò tí òun lè pè kì í gba ọmọkùnrin tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, nítorí àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀. Ìyá náà lè lọ pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, kí wọ́n wá ibòmíràn fún ọmọkùnrin. Mo lóye ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìyá Aláta wo ọmọ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà, a sì padà sórí àpò ata.

Ọkọ kò jẹ́ ìpè àkọ́kọ́, kò jẹ́ ìkejì. Ọlọ́pàá tí à bá fi mú un wá ti wà nínú ètò ìdìbò tí yóò wáyé ní ọjọ́ 25. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà náà ló júwe wa sí lọ́yà obìnrin kan tó wà nínú ẹgbẹ́ FIDA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin, tí kì í gba owó lórí irú ẹjọ́ báyìí. Lọ́yà náà ló ṣàlàyé fún wa pé obìnrin lè tọrọ àṣẹ ààbò ní kóòtù, àṣẹ tí ó lè ka ilé léèwọ̀ fún ẹni tó ń fìyà jẹ ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti ẹni náà jọ ń gbébẹ̀ ni. Inú mi dùn láti gbọ́ ọ. Ó wá fi kún un pé òfin àpapọ̀ fi àṣẹ yìí sọ́wọ́ ilé ẹjọ́ gíga nìkan. Bí ó bá jẹ́ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀lé níbí, aláta tí kò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún wákàtí méjì, tí ẹ̀rù àwọn ará Ṣáṣá tí ó jẹ ní gbèsè ń bà, ni ẹ ní kí ó máa ti ọjà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní Ring Road, ẹjọ́ lónìí, ẹjọ́ lọ́túnla. Lójú tèmi, àṣìṣe ni ẹni tó ṣe é ṣe. Kóòtù tó wà nítòsí ni ó yẹ kí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ti máa jáde, ní ọjọ́ tí wọ́n bá tọrọ rẹ̀. Ìyá Aláta ní òun kò fẹ́ àṣẹ kankan, owó òun àti ìsọ̀ òun ni òun ń fẹ́.

Lọ́yà kọ lẹ́tà ojú ewé kan. Ó to ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀léra wọn, lílù, lílé jáde àti gbígba ohun ìjẹun, ó kọ iye ọdún ẹ̀wọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá tí a kọ́kọ́ lọ. Èyí ni ohun tí n kò tíì lóye tán di òní: ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà sọ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú kò mì wọ́n, àfi ìgbà tí ó wá lórí bébà tó ní àmì lọ́yà lókè. Ọ̀gá ọlọ́pàá náà pè mí fúnra rẹ̀, ó ní kí n má bínú, pé àárẹ̀ ló mú òun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo gbà pé òótọ́ ló sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta, ọkọ náà wá sí wẹ́fíà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì kó ₦140,000 lélẹ̀. Owó àtijọ́ kan náà ni. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù náà pé kí gbogbo ènìyàn máa ná an títí di ìparí ọdún. Èyí tó kù, ó ní òun ti fi ra epo. Ó tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní súnmọ́ ìsọ̀ náà mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, obìnrin náà gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀. Àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kí bàbá máa san owó oúnjẹ lóṣooṣù. Ó máa ń san án ní oṣù kan, ó máa ń jẹ oṣù méjì. Ní ti ilé tí wọ́n jọ kọ́, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe, òfin àpapọ̀ tó fún kóòtù lágbára láti pín dúkìá tọkọtaya kò kan irú rẹ̀, gbogbo rìsíìtì sìmẹ́ńtì sì wà lórúkọ ọkọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé dúró sí.

Ìsọ̀ ni ó kù, ti ọ̀dọ̀ wa sì nìyẹn. Mo gbé e wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ pé kí a tún ìwé náà kọ, kí orúkọ ẹni tó bá ń san owó ìsọ̀ máa jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Àwọn ọkùnrin kò gbà kíá. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí àwọn aṣòfin ní Àbújá da àwọn àbá òfin tó jẹ mọ́ ẹ̀tọ́ obìnrin nù, tí àwọn obìnrin lọ dúró sẹ́nu géètì wọn, inú ọjà yìí ni a ti ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Alápatà kan dìde, ó ní irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí, pé bí obìnrin bá ti ní ìwé tirẹ̀, ilé rẹ̀ ti tú nìyẹn. Ìyálọ́jà jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, “Ṣé orúkọ ọkọ Ẹfúnṣetán ni wọ́n fi ń pe oko ẹ̀ ni? Ṣé ọkọ Ìyálóde Wúràọlá Ẹ̀ṣán ló wọlé àwọn aṣòfin àgbà, àbí òun fúnra rẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ má dójú tì mí.” Àwọn obìnrin pa àtẹ́wọ́. Alápatà náà jókòó. A dìbò, àbá náà wọlé, kì í ṣe pẹ̀lú ìyàtọ̀ ńlá.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tún ìwé náà kọ. Àwọn kan wá pẹ̀lú ọkọ wọn, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, mo sì fi í sílẹ̀. Opó ọ̀hún ló kọ́kọ́ dé. Ìyá Aláta wá ní ọjọ́ Ọjà kan tí òòrùn ti ń wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì pọ́n fún ata. Mo ṣí ojú ewé náà, mo fa ìlà sórí orúkọ ọkùnrin náà, mo gbé bírò, n kò sì bèèrè nǹkan kan. Òun ló bi mí bóyá ó yẹ kí orúkọ ilé ọkọ wà níbẹ̀, torí àwọn ọmọ. Mo ní èyí tó bá wù ú ni kí ó pè. Ó ronú díẹ̀, ó pe orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, mo kọ ọ́, ó tẹ àtàǹpàkò sí i, ó nu tàdáwà ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó sì padà sídìí ata.